Táyà Tó Ti Sáré Tán Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn

Èyí ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Fádéyí, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ kú òtútù. Láti Ṣómólú la ti ń bá yín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bí ẹ bá ń gbọ́ kàkà-kàkà lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn aládùúgbò wa ni, ẹ bá wa fara dà á.

Ẹnìkan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó fi ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ Bàrígà ni, ṣùgbọ́n Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé báyìí. Ó ní òun ra Toyota GT86, ọkọ̀ pẹlẹbẹ onílẹ̀kùn méjì tí Toyota gbé jáde lọ́dún 2012, tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà. Ó ti gbé e lọ sí Brands Hatch, pápá eré ọkọ̀ tó wà ní Kent níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sanwó lè gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ pápá, kó dé akoto, kó sáré débi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò sí danfó níbẹ̀, kò sí ọlọ́kadà, kò sì sí ẹni tó máa dojú kọ ọ́ láti iwájú.

Ìbéèrè méjì ló bi wá. Èkíní: irú ríìmù àti irú táyà wo ni kí òun rà báyìí tí òun fẹ́ máa lọ sí pápá déédéé? Èkejì ló mú mi dìde jókòó. Ó ní àbúrò òun wà ní Bàrígà, Corolla Sport ló ń wà, nọ́ńbà táyà àwọn méjèèjì sì bára mu, 215/45R17. Ó ní táyà mẹ́rin tí òun fi ń sáré bọ̀, ojú wọn ṣì dára. Òun fẹ́ bá wọn wá àyè nínú ẹrù tí òun ń kó bọ̀ nílé, kí àbúrò òun má baà náwó. Àbúrò náà ti ń retí wọn tayọ̀tayọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti dé, òun á gbé Corolla gun Third Mainland ní ìdájí, kí òun wo bí táyà eré ṣe ń di ilẹ̀ mú.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè kejì kò gùn: rárá. Ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tí mo dákẹ́, wọ́n á ní mo ń dí àbúrò lọ́nà oore. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè àkọ́kọ́ tán ná. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yan táyà fún pápá, fúnra rẹ̀ ló máa rí ìdí tí kò fi yẹ kó fi àlòkù rẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ohun tó kan ilẹ̀

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sórí tábìlì. Ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. GT86 wúwo tó bíi 1,240 kìlógíráàmù. Ẹ pín in sí mẹ́rin, táyà kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi 310. Bí ẹ bá fún táyà náà ní géèjì 35, ibi tó máa kan ilẹ̀ kò ní ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 níbùú, 11 lóròó. Agbára ẹ́ńjìnì, bíréèkì tí ẹ tẹ̀, sítíárì tí ẹ yí, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà dé ilẹ̀. Ẹni tó bá ná owó sórí ẹ́ńjìnì, tó ná owó sórí ohùn ẹ́gísọ́ọ̀sì, tó wá ń ṣọ́wọ́ ahun sí táyà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Toyota fúnra rẹ̀ mọ èyí, ó sì fi dápàárá. Nígbà tí wọ́n gbé GT86 jáde, táyà Michelin Primacy ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ Prius, ọkọ̀ ẹlẹ́pò díẹ̀ tí àwọn awakọ̀ káàbù fẹ́ràn. Wọn kò fẹ́ kí ó di ilẹ̀ mú jù. Wọ́n fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ lè yọ̀ díẹ̀ ní kọ́nà láìjẹ́ pé eré pọ̀, kí awakọ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ẹ rí i pé táyà ló ń sọ irú ọkọ̀ tí ọkọ̀ máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà ara rẹ̀: 215/45R17 87W. 215 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà. 45 ni bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó, ìdá 45 nínú 100 ìbú rẹ̀. 17 ni ìwọ̀n ríìmù tó gbà á, ní ínǹṣì. 87 ni ẹrù: táyà kan lè gbé 545 kìlógíráàmù. W ni eré: 270 kìlómítà ní wákàtí kan. T jẹ́ 190, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, Y jẹ́ 300. Ẹ fọkàn sí i o, táyà tuntun tó ní afẹ́fẹ́ pípé nínú, tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ni wọ́n fi lẹ́tà yẹn ṣèlérí fún. Táyà tí wọ́n ti lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ fọkanáísà kò sí nínú ìlérí náà.

Ríìmù

Ẹ̀gbọ́n ní òun rí ríìmù 19 kan tó ń dán gbinrin. Mo gbọ́. Ní Ladipọ̀ náà, àwọn tó ń dán la kọ́kọ́ ń rí. Ṣùgbọ́n ní pápá, ríìmù tó kéré tó sì fúyẹ́ ló dára, bí ó bá ṣáà ti lè gba bíréèkì sínú.

Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, kí ẹ máa fì í yípo. Ẹ wá so òkúta ńlá mọ́ okùn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èwo ló rọrùn láti mú bẹ̀rẹ̀? Èwo ló rọrùn láti dá dúró? Bí ríìmù ṣe rí nìyẹn. Ìwúwo tó bá wà létí ríìmù, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ yí i, bíréèkì gbọ́dọ̀ dá a dúró, ṣókì sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá fò. Bí ríìmù bá ti ń tóbi, ẹ̀gbẹ́ táyà gbọ́dọ̀ máa tín-ín-rín kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú ọkọ̀, owó táyà á sì máa lọ sókè. Ní Èkó wa tó jẹ́ kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, ẹ̀gbẹ́ táyà tó tín-ín-rín ni ríìmù fi ń fọ́.

Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á: dídà ni àbí rírọ? Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì tipẹ́. Orí idẹ Ifẹ̀, dídà ni wọ́n dà á. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, rírọ ni alágbẹ̀dẹ rọ ọ́. Ríìmù tí wọ́n dà kò burú, òun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Èyí tí wọ́n rọ máa ń lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwúwo kan náà, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹ bá dé pápá láé ni ríìmù tó ti là, tí wọ́n wá jó pọ̀, tí wọ́n kùn ún lọ́dà. Ooru bíréèkì àti agbára kọ́nà á wá ojú ibi tí wọ́n jó yẹn kàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ó ṣe máa wọ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni GT86 ní, àyíká wọn jẹ́ 100 mílímítà. Ihò àárín ríìmù jẹ́ 56.1. Bí ihò náà bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi òrùka sí i kó bá a mu, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sítíárì á máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi GT86 lọ sí pápá ló ń fi 225/45R17 sórí ríìmù 17 tó fẹ̀ ní ínǹṣì 7½ tàbí 8. Ibẹ̀ ni kí ẹ̀gbọ́n dúró sí. Kí ó fi sípánà tó ń ka agbára dè é, 120 Nm fún ọkọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tó bá wọ pápá, tí ríìmù bá ti tutù, kí ó tún un wò. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà.

Táyà fún pápá

Lára táyà, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan: TREADWEAR, pẹ̀lú nọ́ńbà. Èyí tó jẹ́ 100 ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Èyí tó jẹ́ 200 yẹ kó pẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ nínú ìdánwò. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà ara rẹ̀ ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ má ka á sí Bíbélì, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀nà hàn. Rọ́bà tó rọ̀ ń di ilẹ̀ mú, kì í sì í pẹ́. Rọ́bà tó le ń pẹ́, kì í sì í di ilẹ̀ mú bẹ́ẹ̀. Àwọn táyà tí ẹni ń wà dé pápá, tó fi sáré, tó tún wà á padà sílé, bíi 200 ni wọ́n máa ń jẹ́. Yokohama Advan A052 wà níbẹ̀. Michelin Pilot Sport Cup 2 jẹ́ 180.

Ṣé kí ẹ̀gbọ́n rà wọ́n? Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ṣì lọ sí pápá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó kọ́kọ́ ra táyà ojú títì tó dára, irú Michelin Pilot Sport 4 tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fi kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan. Táyà ojú títì máa ń ké kó tó já ọ sílẹ̀. Á ké fíìn, á bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwọ náà á mọ̀ pé o ti dé ẹnu ààlà. Táyà eré máa ń dákẹ́ pẹ́. Ó máa bo àṣìṣe rẹ mọ́lẹ̀, á ti di pé eré ti pọ̀ gan-an kó tó jẹ́wọ́. Ní Paddock Hill, kọ́nà àkọ́kọ́ ní Brands Hatch, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bí o ṣe ń yí sọ́tùn-ún. Kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti kọ́kọ́ mọ ibi tí ààlà wà.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? 35 ni ìwé ara ilẹ̀kùn GT86 sọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa fẹ̀. Bí ooru inú táyà bá ti fi bíi 5½ lé lórí òṣùwọ̀n Celsius, géèjì á fi bíi 1 lé. Táyà tó bẹ̀rẹ̀ ní 35, lẹ́yìn ìyípo mélòó kan ní pápá, ó lè ju 40 lọ. Àárín rẹ̀ á wú, àtẹ́lẹwọ́ wa yẹn á sì kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń dín in kù díẹ̀ ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń wọn ọ́n bí wọ́n bá ti jáde ní pápá nígbà tó ṣì gbóná, tí wọ́n sì ń dá a padà sí 35 kí wọ́n tó wà á lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà àtúnṣe tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni géèjì tó péye. Pápá yẹn ń yí sọ́tùn-ún jù, táyà òsì iwájú ló ń jìyà jù. Ẹ máa kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ irú kan náà. Bí iwájú bá di ilẹ̀ mú ju ẹ̀yìn lọ, ọkọ̀ á fi ìdí gbá iwájú.

Ohun tí ooru ń ṣe

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bá táyà mẹ́rin tó fẹ́ wá sí Bàrígà.

Ẹ rántí àkàrà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, ó rọ̀, ó fẹ́lẹ́. Bó bá di ọ̀sán, ẹ tún un dín. Bó bá di alẹ́, ẹ tún un dín. Ojú àkàrà náà ni o, ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ ẹ́? Bí rọ́bà ṣe rí nìyẹn. Nígbàkúùgbà tí táyà bá gbóná gan-an ní pápá tó tún tutù, rọ́bà rẹ̀ ń le sí i, òróró tó ń mú un rọ̀ ń jáde lọ. Ilà ara rẹ̀ lè ṣì jìn. Ojú á rí ilà, ojú ò ní rí líle.

Èyí tí ojú kò sì rí rárá ni inú. Ní pápá, àwọn awakọ̀ máa ń gun etí ọ̀nà tó ga, wọ́n á sì fi kọ́nà tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́lẹ̀ léraléra. Okùn inú ẹ̀gbẹ́ táyà lè já lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí àpá níta. Títì tó tẹ́jú lè fara dà á. Kòtò kan ní Bajuláyé lè parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wá wà níbẹ̀. Lára táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà sábà máa ń pé sí. Bí wọ́n bá ti kọjú ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú ọkọ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa rí i bí kò ṣe pé ẹ wọ abẹ́. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Mo ra tòkunbọ̀ méjì lọ́wọ́ oníṣòwò kan, wọ́n ti fi nǹkan pa á, ó ń dán bí bàtà ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan bẹ́ ní Ìkòròdú Road lẹ́bàá Onípànù. Ọpẹ́lọpẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, eré mi kò ju ti ẹni tó ń rìn lọ. Nígbà tí fọkanáísà yí i padà, a rí ọdún tó wà nínú: ọdún 11 ni táyà náà. Ojú rẹ̀ ṣì ní ilà tó jìn. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táyà sórí ríìmù mi kí n tó ka nọ́ńbà rẹ̀ lójú ara mi.

Michelin ní kí a máa gbé táyà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò lọ́dọọdún bó bá ti lo ọdún 5, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá pé ọdún 10, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa, FRSC, tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé ọdún 4 ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo Fast & Furious, ẹ rántí Paul Walker. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2013 ló kú ní California, nínú Porsche Carrera GT tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Roger Rodas ń wà. Àwọn méjèèjì ló kú. Nígbà tí àwọn agbófinró parí ìwádìí lọ́dún 2014, wọ́n ní eré ló fà á ní pàtàkì. Ọkọ̀ náà wà láàárín 130 sí 150 kìlómítà ní wákàtí kan, níbi tí òfin ti ní 72. Wọ́n tún ní táyà rẹ̀ ti lo ọdún 9, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn dín agbára tí ọkọ̀ fi ń di ilẹ̀ mú kù. Ọkọ̀ olówó gọbọi ni, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Táyà rẹ̀ darúgbó lórí ìdúró.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2012 ńkọ́, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àjọ̀dún orin. Táyà iwájú rẹ̀ bẹ́ ní Surrey, èèyàn mẹ́ta kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Michael Molloy, ọmọ ọdún 18. Táyà náà ti lé ní ọdún 19. Táyà dàgbà ju ọmọ tó pa lọ, òfin ìgbà náà kò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀, Frances Molloy, kò dákẹ́. Ó ń pariwo lọ́dọọdún títí ìjọba fi ṣòfin pé, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2021, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ lo táyà tó ju ọdún 10 lọ níwájú. Ẹ̀gbọ́n, ìlú tí ẹ ń gbé nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sá fún lọ́hùn-ún, ẹ má dì í sínú ẹrù wá fún wa.

Òfin tiwa náà kò gbà á. Táyà àlòkù wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kó wọlé, àfi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí wọ́n fẹ́ tún rọ́bà rẹ̀ ṣe. Gbogbo wa la mọ̀ pé tòkunbọ̀ kún ìgboro. Mi ò bú ẹni tó ń rà á, èmi náà ti rà á rí, owó ni kò sí. Ilé iṣẹ́ Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà dá iṣẹ́ náà dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, òkun ló ń gbé táyà wá bá wa, ẹni tí tuntun kò tó ọwọ́ rẹ̀ á wo àlòkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àlòkù nítorí àìní yàtọ̀ sí ẹni tó fi àlòkù pápá ránṣẹ́ sí àbúrò tí ó fẹ́ sáré.

Àbúrò ní Bàrígà

Àbúrò, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo mọ bó ṣe ń rí. Téèyàn bá dúró létí ọ̀sà ní Bàrígà, Third Mainland nà gbọọrọ níwájú ẹni, bíi kìlómítà 12, títì náà sì ṣófo ní ìdájí. Láti 1990 tí wọ́n ti ṣí i, kò sí ọmọkùnrin àdúgbò yẹn tí kò tíì wò ó, tí kò fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe lè sáré tó lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní ní Brands Hatch. Ọ̀nà kan ni gbogbo ọkọ̀ ń lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn kọ́nà láti mú ọkọ̀ tó bá ṣìnà. Àwọn tó ń fi àsíá kìlọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ aláìsàn wà ní ìmúrasílẹ̀, akoto wà lórí rẹ̀. Lórí afárá, ògiri wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà wà lẹ́yìn ògiri, danfó lè dúró láìtan iná, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sì lè dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìyá ẹnìkan ni, ó ń lọ sọ́jà.

Táyà eré kò sì ní gbà ọ́ lórí rẹ̀. Ó fẹ́ gbóná kó tó di ilẹ̀ mú. Ní ìdájí, òtútù ló máa bá a. Ilà ara rẹ̀ kéré, torí pé wọ́n fẹ́ kí rọ́bà púpọ̀ kan ilẹ̀. Bí òjò Èkó bá rọ̀, ilà ló yẹ kó gbé omi kúrò lábẹ́ táyà. Bí ilà kò bá tó, táyà á gun orí omi, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ bí ẹni pé ó ti já. Bíréèkì kò ní ṣiṣẹ́, torí pé kò sí ohun tó kan ilẹ̀ mọ́.

Ẹ máa ní ẹ̀rù ń bà mí jù. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó gbówó lé eré ṣe. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2005, ní Indianapolis nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdíje Formula 1. Ní ọjọ́ Jímọ̀, táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ Toyota Ralf Schumacher ní kọ́nà kẹtàlá, ọkọ̀ sì kọlu ògiri. Michelin yẹ táyà wọn wò, wọ́n ní àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á fara da kọ́nà yẹn bí ọkọ̀ kò bá dín eré kù níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ 20 ló jáde láti yípo kan kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. 14 tó ń lo Michelin yà padà sínú ọgbà. Ọkọ̀ 6 péré ló sáré. Àwọn èrò ìwòran ń hó, wọ́n ń bínú, Michelin sì ní àwọn máa dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún wọn. Gbogbo ayé ń wò, ìtìjú ńlá ni, síbẹ̀ wọ́n ní táyà yìí kò ní lọ. Bí àwọn yẹn bá lè padà sílé lójú ayé, kò sí ìtìjú kankan tí ọmọ Bàrígà máa rí tó bá sọ pé mi ò gba táyà yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ṣe rèé. Yorùbá ní ẹni tó máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Bí táyà náà bá ṣì dára lóòótọ́, ẹ máa lò ó ní Kent. Bí kò bá dára fún yín mọ́, kò dára fún àbúrò yín. Ẹ fún àwọn tó ń gba táyà àlòkù níbẹ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́. Owó tí ẹ fẹ́ fi gbé ẹrù náà, ẹ fi kún owó táyà tuntun méjì nílé ná, méjì yòókù á tẹ̀lé e. Ẹ fi méjì tuntun sẹ́yìn Corolla. Mo mọ̀ pé iwájú ni gbogbo wa ń fi í sí, ṣùgbọ́n bí ìdí ọkọ̀ bá yọ̀ nínú òjò, awakọ̀ díẹ̀ ló lè dá a padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ohun kan ránṣẹ́ láti Kent, ẹ ra géèjì méjì tó péye, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún un. Kò wúwo, kò sì ní wáhálà kọ́sítọ́ọ̀mù.

Àbúrò, lọ́la, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, wọ abẹ́ Corolla yẹn. Ka nọ́ńbà DOT táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ti èyí tó wà nínú búùtù. Ya fọ́tò rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ kó fi mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ rà. Bí Ọlọ́run bá sì mú ọ dé Kent lọ́jọ́ kan, kó mú ọ lọ sí Brands Hatch, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Wàá sáré tẹ́rùn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tókù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà kí ẹ tó sùn lónìí. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa, a máa ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.